Èló ni kí n ta ẹṣin mi? Ẹ dá sí i, ẹ̀yin ará sáfà géèmù Minecraft wa

Ọmọ_Kubwa
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ mọ ilé ẹṣin mi tó wà létí odò, lẹ́yìn ọjà. Ẹṣin ti kún ibẹ̀ débi pé wọn ò ráyè yí ara padà mọ́, mo sì fẹ́ kó wọn tà kí Iléyá tó dé. Iye tí màá pè wọ́n ni mi ò mọ̀. Ẹnì kan fi dáyámọ́ǹdì 4 (owó ọjà wa nínú géèmù) lọ̀ mí fún dúdú kan, kí n tó fèsì, ẹlòmíràn ti ní òun á san 20. Ẹṣin kan náà! Kí lẹ máa ń wò? Àwọ̀ ni, àbí eré, àbí iye ọkàn (ẹ̀mí ẹṣin)? Ẹ̀dà Java, ti kọ̀ǹpútà, ni sáfà wa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gba Geyser, afárá tó ń so fóònù mọ́ ọn, wọlé látorí fóònù, ẹ dá sí i, ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi.

Ẹ̀gbọ́n_Gwarinpa (alábòójútó)
Àbúrò, wọn ẹṣin náà ná kó o tó pe iye. Géèmù yìí kì í sọ eré ẹṣin fún ẹnikẹ́ni. Ọkàn nìkan lo máa rí bó o bá ti gùn ún, láti 7 ààbọ̀ dé 15. Eré àti fífò, ìwọ fúnra rẹ lo máa wá a rí. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi pe 4 tí ẹnì kejì pe 20. Ojú lásán ni àwọn méjèèjì fi ń díwọ̀n.

A ti la ọ̀nà kan sẹ́yìn ọjà fún iṣẹ́ yìí, búlọ́ọ̀kù 100 géérégé láti òpó pupa dé òpó funfun. Jẹ́ kí ẹṣin ti wà lẹ́nu eré kó tó kan òpó pupa, kó o wá tẹ stopwatch. Ẹṣin tó yára jù tí géèmù lè dá ń sá bíi búlọ́ọ̀kù 14 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, á parí ọ̀nà yẹn ní nǹkan bí sẹ́kọ́ǹdì 7. Èyí tó lọ́ra jù á lò tó 21. Ìwọ tó o ń fẹsẹ̀ ara rẹ sáré, o ò ní lò ju 18 lọ! Ẹṣin wà tí ẹlẹ́sẹ̀ ń sá kọjá o, mo sì ti rí ẹni tó san dáyámọ́ǹdì 9 lórí irú ẹ̀ torí pé ó funfun.

Àárọ̀ kùtù ni kó o wọ̀n wọ́n. Lálẹ́ tí gbogbo èèyàn bá rọ́ wọlé, sáfà á máa fà, aago á sì parọ́ fún ọ.

Àgbẹ̀Ẹṣin_Kaduna
Ẹ̀gbọ́n ti sọ bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kún un, torí ibẹ̀ lowó wà. Bí géèmù bá fẹ́ dá ẹṣin igbó, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń ṣẹ́ gègé lórí eré rẹ̀, á wá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹni tó bá ti ta lúdò rí mọ bó ṣe ṣòro tó kí sísì jáde lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Nítorí náà, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ló pọ̀ jù nínú igbó.

Mo ṣe ìṣirò ẹ̀ lórí ọ̀nà búlọ́ọ̀kù 100 yẹn. Ìdajì ẹṣin igbó ni yóò lò ju sẹ́kọ́ǹdì 10 ààbọ̀ lọ. Bí 1 nínú 8 ló máa dé kí 8.8 tó pé. Bí 1 nínú 28 ló máa dé kí 8.1 tó pé. Èyí tó máa dé láàárín 7 ààbọ̀, nǹkan bí 1 nínú 260 ni. Ẹ wò ó dáadáa: láàárín oní-8.8 àti oní-7.5, ohun tí aago fi yàtọ̀ kò tó sẹ́kọ́ǹdì kan ààbọ̀, síbẹ̀ ọ̀kan fi ìlọ́po tó ju 25 lọ ṣọ̀wọ́n ju èkejì. Ẹni tó bá ń fi dáyámọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan gun iye bí eré ṣe ń yá sí i, owó pọ́ọ́kú ló fi ń ta èyí tó dára jù nínú ọjà ẹ̀. Láti abẹ́ dé àárín, jẹ́ kí iye rọra gùn. Bó bá ti wọ inú 8, jẹ́ kó fò.

Akẹ́kọ̀ọ́_Samaru
Ẹ̀gbọ́n Kaduna, ìṣirò yín dáa, ṣùgbọ́n ta ló tún ń lọ mú ẹṣin nínú igbó? Gbogbo wa la ń mú wọn bímọ nílé. 1 nínú 260 yẹn ò kàn wá mọ́.

Àgbẹ̀Ẹṣin_Kaduna
Òótọ́ lo sọ, ibẹ̀ náà ni mò ń bọ̀.

Tẹ́lẹ̀, bó o bá mú ẹṣin méjì bímọ, géèmù á mú tìyá, á mú tìbàbá, á tún dá ẹṣin kẹta láti inú afẹ́fẹ́, á wá pín in sí mẹ́ta. Ẹṣin kẹta yẹn ló ń fa ọmọ padà sí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. O lè ní òbí méjì tó ń fò bí ẹyẹ, kí ọmọ wọn máa wọ́ ẹsẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀dà 1.19.4 dé ní oṣù kẹta ọdún 2023 ni wọ́n yí i padà. Ní báyìí, agbedeméjì àwọn òbí méjèèjì ni ọmọ máa ń wà, gègé á wá gbé e sókè díẹ̀ tàbí kó rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn ni pé ọmọ lè ju òbí méjèèjì lọ. Ẹni tó bá ní sùúrù, tó ń pa èyí tó yára jù mọ́, tó ń ta ìyókù, yóò dé òkè lọ́jọ́ kan. Àwọn tó ṣì ń pe iye bíi ti ọdún 2022, ẹ̀yìn ọjà ni wọ́n wà.

Èló ló ń ná èèyàn láti bí ọ̀kan? Kárọ́ọ̀tì oníwúrà méjì, ọ̀kan fún òbí kọ̀ọ̀kan. Horo wúrà 8 ló wà nínú kárọ́ọ̀tì kan, horo 9 ló sì ń di ọ̀pá wúrà kan. Kárọ́ọ̀tì méjì kò tó ọ̀pá wúrà méjì! Ápù oníwúrà ń ṣiṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀pá wúrà 8 ló ń jẹ lẹ́yọ kan, méjì á jẹ 16. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé òun ta ẹṣin lówó gọbọi torí pé ápù lòun fi bọ́ àwọn òbí ẹ̀, sọ fún un pé kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Àwọn òbí á sinmi ìṣẹ́jú 5 kí wọ́n tó lè tún bí, ọmọ á sì dàgbà ní ìṣẹ́jú 20 bó ò bá fún un lóúnjẹ rárá.

Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ pe iye, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi: ẹni tó fẹ́ rà á yìí, bó bá ní kóun ṣe irú ẹ̀ fúnra òun, ìrọ̀lẹ́ mélòó ló máa gbà á? Kò ní san ju ìrọ̀lẹ́ yẹn lọ, kò sì yẹ kí n gbà á ní kéré sí i.

ÌyáÌbejì_Lugbe
Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ẹ mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ọjà títà. Kubwa, ọmọ mi, gbọ́ tèmi. Má kó gbogbo ẹṣin síta lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá rí ogójì ẹṣin nínú ọgbà rẹ, wọ́n á mọ̀ pé o fẹ́ kó wọn kúrò, 2 ni wọ́n á máa pè ọ́. Mú márùn-ún sí mẹ́fà síwájú, ìyókù kó wà lẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá lọ, fi òmíràn dípò ẹ̀.

Pe iye tó ní ààyè nínú. Ẹni tó máa san 10 kò ní dùn bó ò bá jẹ́ kó ná an. Pe 14, jẹ́ kó bẹ̀ ọ́, jẹ́ kó bínú lọ díẹ̀, kó padà wá. Àwọn tó bá wá láti Kánò á máa retí kó o sọ "albarka" (ìyẹn ni pé owó ò tíì tó) fún wọn kí wọ́n tó fi ohun kan lé e. Ọjà ni, kì í ṣe ìjà.

Lórí gàárì ni mo fẹ́ bá àwọn kan sọ̀rọ̀. Ẹ ṣì ń ta gàárì ní dáyámọ́ǹdì 3? Ìgbà tí kò ṣeé rọ, tó jẹ́ inú àpótí àtijọ́ la ti ń ṣa á, ó tọ́. Láti oṣù kẹfà ọdún 2025 tí ẹ̀dà 1.21.6 ti dé, awọ 3 àti ọ̀pá irin 1 ló ń di gàárì. Àwọn ìbejì mi ń rọ ọ́ kí wọ́n tó lọ iléèwé. Ènì ni gàárì báyìí, ẹ fi lé ẹṣin lórí kí oníbàárà lè máa rẹ́rìn-ín lọ. Okùn tí a fi ń fa ẹṣin náà ti rọrùn sí i, wọ́n ti yọ ọ̀rá slime kúrò nínú ẹ̀, òwú nìkan ló kù.

Àwìn ńkọ́? Rárá o. N ò ní tún un sọ.

Ẹlẹ́ṣin_Kánò
Mo kí yín láti Sábó. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, àwọ̀ kò fi nǹkankan kún eré. Àwọ̀ 7 ló wà, àmì ara 5, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 35, kò sì sí èyí tó yára ju èkejì lọ nínú wọn. Ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n bí sí Kánò, tí mo ń rí Hawan Sallah àti Hawan Daushe, ìwọ́de ẹlẹ́ṣin Durbar nígbà ọdún, láti kékeré, mo mọ ohun tójú máa ń rà. Lọ́dún 2024 ni UNESCO kọ Durbar ti Kánò mọ́ àwọn àṣà tí aráyé ń dáàbò bò, láti ìgbà yẹn ni gbogbo ọmọ sáfà yìí sì ti ń fẹ́ tò lẹ́yìn ọba nígbà tí a bá ń ṣe Durbar tiwa.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Mi ò kì í fi àwọ̀ sínú iye ẹṣin. Mo máa ń pe iye eré lọ́tọ̀, kí n wá pe iye ẹwà lọ́tọ̀, kí oníbàárà mọ ohun tó ń san owó lé. Ẹwà yìí, ọ̀sẹ̀ Iléyá àti ọ̀sẹ̀ ìtúnu ààwẹ̀ nìkan ló níye. Bí ọdún bá ti kọjá, funfun àti pupa di ọgbọọgba.

Bó o bá fẹ́ èrè gidi lọ́sẹ̀ ọdún, ìhámọ́ra ẹṣin tí a fi awọ ṣe ni kó o dojú kọ. Awọ 7 ló ń di ọ̀kan, ó sì ń gba aró. Mo máa ń pa á láró lẹ́ṣẹẹṣẹ, aláwọ̀ ewé fún àwọn kan, elése àlùkò fún àwọn kan, bí agbo ẹlẹ́ṣin kọ̀ọ̀kan bá ṣe bèèrè. Nígbà Iléyá tó kọjá, owó tó wọlé fún mi lórí aró ju ti ẹṣin lọ. Irú tó jẹ́ dáyámọ́ǹdì kò ṣeé rọ, inú àpótí la ti ń rí i, ṣùgbọ́n ní Durbar, ta ló ń bá ẹnikẹ́ni jà?

Bó o bá fẹ́ bí funfun fún ọdún, mú funfun méjì pọ̀. Nínú ọmọ 9, bí 8 á gbé àwọ̀ òbí, ìyókù géèmù á fi ṣeré.

Ọmọ_Kubwa
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti jí ní kùtù lọ wọ̀n wọ́n. Dúdú tó dá wàhálà sílẹ̀ yẹn, sẹ́kọ́ǹdì 9.4, ọkàn 11, ó sì fo ògiri búlọ́ọ̀kù 3. Mo ní ọ̀kan, pupa rẹ́súrẹ́sú tí n kò kà sí nǹkankan, 7.9 ló lò! Dúdú ti lọ ní 7, ẹni tó pe 20 kò tún yọjú.

Mo tún ní ìbéèrè. Àwọn ọmọ ẹṣin tí kò tíì dàgbà ńkọ́? Mo tún ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mẹ́ta, ìbaaka kan, àti ẹṣin eegun tí mo mú nígbà ìjì àrá.

Ẹ̀gbọ́n_Gwarinpa (alábòójútó)
Ọmọ ẹṣin: kò ṣeé gùn, kò sì sí bí ẹni tó wà lórí fóònù ṣe lè wọ̀n ọ́n. Àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà lè fi mod (àfikún géèmù) tó ń ka eré ẹṣin síta sórí géèmù wọn. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń tà lè ti mọ̀, kí ẹni tó ń rà máa fọwọ́ tálẹ̀. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ lọ́jà wa. Ìdájọ́ mi nìyí: tà á ní iye ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, tàbí kó o dúró ìṣẹ́jú 20 kó dàgbà. Bó o bá ní ìdì koríko, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gé ìṣẹ́jú 3 kúrò nínú ẹ̀.

Lórí fífò, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹṣin tí kò lè fo ọgbà onígi, dín owó ẹ̀ kù. Èyí tó bá fo ògiri búlọ́ọ̀kù 5, àwọn tó ń gbé orí òkè á wá a wá. Láàárín méjèèjì, kò sẹ́ni tó ń bèèrè.

Akẹ́kọ̀ọ́_Samaru
Ẹṣin eegun: iye ìṣọ̀wọ́n nìkan ló ní. Kì í bímọ, gbogbo wọn ló ní eré kan náà, á tó sẹ́kọ́ǹdì 12 lórí ọ̀nà yẹn, ọkàn 7 ààbọ̀ péré ló sì ní. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni pé ó ń gbé èèyàn rìn nísàlẹ̀ omi. Ta á fún àwọn tó ń kọ́lé sínú òkun, má dá àwọn yòókù láàmú.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà, eré kan ni gbogbo wọn ní, bíi 13 ààbọ̀. Nítorí náà iye kan ni kó o pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àpótí ni wọ́n ń rà á fún, ààyè ẹrù 15.

Àgbẹ̀Ẹṣin_Kaduna
Ẹ dúró o, ẹ ti ń fo ìbaaka kọjá, ibẹ̀ sì ni mo ti ń jẹun jù.

Ìbaaka ń gbé àpótí bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ààyè 15 kan náà, ṣùgbọ́n eré ẹ̀ kò dúró sójú kan. Láàárín ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló máa ń bọ́ sí. Bó o bá mú pupa rẹ́súrẹ́sú tó lo 7.9 yẹn kó bá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bímọ, ìbaaka tó máa jáde á sábà parí ọ̀nà náà láàárín sẹ́kọ́ǹdì 9 sí 11, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Àwọn tó ń wa kùsà ní ìhà àríwá máapù ń wá a bí ẹni ń wá epo bẹntiróòlù.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ìbaaka kì í bímọ. Ẹ ronú ẹ̀ wò. Bí mo bá ta ẹṣin méjì tó dára jù fún ẹnì kan, ọjà mi ni mo tà fún un. Ní géèmù yìí kò sí akọ kò sí abo, ẹṣin méjì èyíkéyìí lè bímọ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ń ta irú ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mi, ní iye tó kéré sí tèmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ìbaaka, bó bá tún fẹ́ òmíràn, ọ̀dọ̀ mi ló máa padà sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dín owó ìbaaka kù díẹ̀, tí mi ò sì kì í ta ẹṣin oní-7 méjì fún ẹnì kan, iye yòówù tó bá gbé wá. Bó bá fẹ́ irú ọmọ tèmi, kó mú ẹṣin tiẹ̀ wá, kó mú kárọ́ọ̀tì tiẹ̀ dání, kó san owó ìbímọ, kó mú ọmọ lọ. Dáyámọ́ǹdì 5 ni mò ń gbà lórí ẹ̀, ẹṣin mi ò sì kúrò nílé.

ÌyáÌbejì_Lugbe
Kaduna, o lọ́gbọ́n o. Mo gbà fún ọ lórí eléyìí.

Bàbá_Mararaba
Ẹ má bínú pé mò ń já lu ọ̀rọ̀. Ṣé a ò lè gba náírà ni? Dáyámọ́ǹdì kì í ra gáàrì.

Ẹ̀gbọ́n_Gwarinpa (alábòójútó)
Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n rárá ni. Láti ọdún 2014 ni Mojang ti là á sílẹ̀ fún àwa tí a ní sáfà pé a ò gbọ́dọ̀ fi owó gidi ta ohun tó máa fún ẹnì kan lágbára ju ẹlòmíràn lọ nínú géèmù. Àwa fúnra wa wá fi kún òfin tiwa pé kò sí títa ẹṣin ní náírà láàárín ara wa, torí bí owó báńkì bá ti wọ̀ ọ́, èmi ni wọ́n á máa pè láago méjì òru pé wọ́n lu àwọn ní jìbìtì. Ẹni tí mo bá mú, ó di ìta.

Kí ẹ sì má gbàgbé: ẹṣin inú géèmù yìí kò mọ olówó ẹ̀. Ẹni tó bá ti débẹ̀ lè gun ẹṣin tó o ti tọ́ sọ́nà, orúkọ tó o so mọ́ ọn kò ní dá a dúró. Ẹ má fi okùn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kí dáyámọ́ǹdì tó wọnú àpótí. Ẹ ṣe é níwájú ilé alábòójútó, kí ẹnì kẹta wà níbẹ̀.

Ọmọ_Kubwa
Ó ti yé mi, mo sì dúpẹ́. Iye tí màá pè nìyí, ẹ ti mọ̀ pé ààyè wà nínú ẹ̀: ẹṣin tó lò ju 10 ààbọ̀ lọ, 3. Láti ibẹ̀ dé 8.8, 7 sí 10. Èyí tó bá wà nínú 8 sí 8.8, 18. Gàárì wà lórí gbogbo wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Funfun, ẹ fi 4 kún un títí ọdún á fi kọjá. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, 4 ní ìkọ̀ọ̀kan. Pupa rẹ́súrẹ́sú kò ṣeé tà, mo fẹ́ fi bí ìbaaka. Owó ìbímọ lọ́dọ̀ ẹ̀, 5, bíi ti ẹ̀gbọ́n Kaduna.

Àgbẹ̀Ẹṣin_Kaduna
Gba 4. O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èmi sì wà níbí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Samaru
Kubwa, mo fẹ́ ìbaaka àkọ́kọ́ tó bá jáde lára pupa yẹn, bó bá ti lè wọlé kí 10 tó pé. Mo ní 8.

Ọmọ_Kubwa
Albarka. 12.

Akẹ́kọ̀ọ́_Samaru
9, kí àpótí wà lẹ́yìn ẹ̀.

Ọmọ_Kubwa
10, mo fi àpótí kún un. Aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé, kí sáfà tó kún. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o tẹ stopwatch.